Káfíńtà Tó Kó Ilé Láti Oǹdó Lọ sí Oda

Bí ẹ bá dé Oǹdó tí ẹ sì béèrè Akínbọ̀wálé káfíńtà, ọmọ ọdún méje lè mú yín dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó béèrè, ẹ rí i dájú pé ẹ ò ní ibi tí ẹ ń kánjú lọ, nítorí ọkùnrin náà fẹ́ràn àtimáa yin iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí iṣu ẹni bá ta, à á fọwọ́ bò ó jẹ. Akínbọ̀wálé kò fọwọ́ bo tirẹ̀ rí láyé. Yóò mú yín lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan tó fi páànù bò lọ́gbọ̀n ọdún ó lé mẹ́rin sẹ́yìn, yóò ní kí ẹ wòkè, yóò wá bi yín pé, "Ṣé ẹ rí ibi tó ti ń jò?" Bí ẹ bá ní ẹ ò rí i, á ní, "Ẹ ò sì lè rí i láéláé." Ká má parọ́ mọ́ ọn, ṣọ́ọ̀ṣì náà kò jò lóòótọ́.

Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni. Bàbá rẹ̀ kò ní oko kòkó tirẹ̀, oko olóko ló ń ro, ìdí nìyẹn tí Akínbọ̀wálé kò fi kà ju ìwé mẹ́fà lọ kí wọ́n tó fà á lé ọ̀gá káfíńtà kan lọ́wọ́, Bàbá Oríọlá. Ọdún méje ló fi kọ́ṣẹ́. Bàbá Oríọlá kò mọ a, kò mọ b, ṣùgbọ́n bó bá fi àáké gbẹ́ ìtí ìrókò, ẹ lè fi ẹ̀yìn ọwọ́ pa á kí ẹ rò pé gíláàsì ni. Gbogbo àwọn ilé alájà tí àwọn olówó kòkó kọ́ ní Oǹdó nígbà náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé òun ló gbé ìdajì òrùlé wọn.

Kí ló wá sọ Akínbọ̀wálé di ẹni tó ń kó ilé kiri? Búrẹ́dì ni. Lọ́jọ́ kan, ó lọ ra búrẹ́dì nílé tí wọ́n ti ń ṣe é, ló bá rí i tí wọ́n ń ki ilẹ̀kùn sínú ààrò. Ilẹ̀kùn ìrókò! Wọ́n ti fi katapílà wó ilé àtijọ́ kan, wọ́n sì kó gbogbo igi inú rẹ̀ tà bí igi ìdáná. Ọkùnrin náà gbàgbé búrẹ́dì síbẹ̀. Nígbà tó délé, kò lè jẹun. Ó ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Igi tó ti wà kí wọ́n tó bí mi, wọ́n ń fi í yan búrẹ́dì àádọ́ta náírà!" Búrẹ́dì kì í sì í ṣe àádọ́ta náírà mọ́, àmọ́ inú ló ń bí i.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń lọ bá àwọn tí wọ́n fẹ́ wó ilé wọn. Á ní kí wọ́n má tíì pe katapílà, òun á tú òrùlé, ilẹ̀kùn, fèrèsé àti pákó ilẹ̀ òkè rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, òun á kó o lọ sórí ilẹ̀ tuntun, òun á sì tún un tò sórí ògiri tuntun. Àwọn kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn kan gbà. Ilé mẹ́fà ló ti kó bẹ́ẹ̀, ọ̀kan wà ní Ilú-Abọ̀, ọ̀kan wà ní Ìlárá-Mọ̀kín tí olùkọ́ yunifásítì kan ń gbé inú rẹ̀ báyìí. Keje ni mo fẹ́ sọ, nítorí keje yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹnu rẹ̀ dé títí ayé.

Ilé ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Leah ni. Tíṣà ni Ìyá Leah, ó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo Oǹdó ṣì ń pè é ní Tíṣà. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni, ọkọ rẹ̀ ti kú, ó sì ń dá gbé inú ilé alájà tí bàbá rẹ̀ fi owó kòkó kọ́. Bàbá Oríọlá ló gbé òrùlé ilé náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dé, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ àmì sí ara ògiri. Wọ́n fẹ́ fẹ títì, ilé náà sì wà lójú ọ̀nà. Wọ́n san owó gbà-má-bìínú, mílíọ̀nù mẹ́jọ náírà. Wọn ò rẹ́ Tíṣà jẹ, ṣùgbọ́n níbo lẹ ti fẹ́ fi mílíọ̀nù mẹ́jọ kọ́lé láyé tí a wà yìí?

Adélaní, ọmọ Tíṣà, ń gbé ní Àkúrẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ṣírò iye tí ilé yóò ná àwọn tó fẹ́ kọ́lé, wọn a sì máa pè é ní Ẹnjiníà. Ọmọ dáadáa ni, ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀. Ó gbé ìyá rẹ̀ lọ sí yàrá àlejò nínú ilé tó háyà, ó sì mú ìwé kan jáde tó ní àwòrán ilé kéékèèké tó tò lọ bí agolo mílíìkì. Ẹsítéètì tuntun ni, ilé oníyàrá méjì, ilé mẹ̀kúnnù ni wọ́n pè é. Mílíọ̀nù méjìlélógún.

Tíṣà gbé awò sójú. Ó ní, "Mẹ̀kúnnù wo lẹ ní?"

"Mọ́mì, a ò ní san án lẹ́ẹ̀kan náà. Mílíọ̀nù mẹ́jọ yẹn la máa kọ́kọ́ san. Ìyókù, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

"Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Adélaní, ṣé wọ́n á wá máa gba ìyókù lọ́wọ́ mi lọ́run ni?"

"Èmi ni mo máa san án, mà."

"Ìwọ tó ń san owó ilé tí o háyà, tó ń san owó ilé ìwé ọmọ mẹ́ta?" Ó bọ́ awò rẹ̀. "Mo fẹ́ ilé tó jẹ́ tèmi kí n tó kú. Mi ò fẹ́ fi gbèsè sílẹ̀ fún ọ. Lọ pe Akínbọ̀wálé wá fún mi."

Bí Akínbọ̀wálé ṣe wọ Àkúrẹ́ nìyẹn, òun àti Ọlọ́runníyì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá Oríọlá, tí wọ́n sì jọ ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ náà wá. Ilẹ̀ wà ní Oda, lẹ́yìn Àkúrẹ́, tí ọkọ Tíṣà ti rà kó tó kú. Akínbọ̀wálé ní òun á tú ilé Oǹdó, òun á kó o lọ sí Oda. Ògiri amọ̀ kò ṣeé kó, ìyẹn ò lọ́rọ̀ nínú. Wọ́n á fi amọ̀ ilẹ̀ Oda àti sìmẹ́ńtì díẹ̀ tẹ búlọ́ọ̀kù, wọ́n á mọ ilé kan tí kò ní òkè, ní ìwọ̀n kan náà gẹ́lẹ́ pẹ̀lú ti Oǹdó, kí òrùlé lè bá a mu. Igi òrùlé, ilẹ̀kùn mọ́kànlá, fèrèsé mẹ́rìndínlógún, páànù àtijọ́ tó nípọn ju ti ìsinsìnyí lọ, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n á kó.

Adélaní fa bírò yọ. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ dáadáa. Ẹ máa san owó òṣìṣẹ́ láti tú u. Ẹ máa san owó ọkọ̀. Òmíràn á ṣẹ́ lójú ọ̀nà. Ẹ tún máa san owó òṣìṣẹ́ láti tò ó padà. Nígbà míì, owó téèyàn fi kó ògbólógbòó igi máa ń ju owó tí wọ́n á fi ra tuntun lọ. Igi wà ní sọ́míìlì."

"Igi wo ló wà ní sọ́míìlì?" Ọ̀rọ̀ náà ta Akínbọ̀wálé lára. "Èyí tí wọ́n gé lánàá tí omi ṣì ń kán lára rẹ̀? Ọdún mẹ́rin, ikán ti fi jẹun. Ọmọ mi, bọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń ṣe ilẹ̀kùn ẹsítéètì yín yẹn, bí ewúrẹ́ bá fi ara ha á, á lu. Lọ sọ́jà lọ ra ìtí ìrókò kan ṣoṣo tó gùn tó ti ìyá rẹ. Bí o bá rí i rà, kí n gé irùngbọ̀n mi."

Ọlọ́runníyì ní, "Kò ní irùngbọ̀n, o."

Tíṣà rẹ́rìn-ín. Adélaní náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó pa á mọ́ra.

Akínbọ̀wálé ní, "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà yẹn lo fẹ́ sọ nù yìí. Mílíọ̀nù mẹ́jọ. Bó bá fi náírà kan lé, kí o yọ ọ́ nínú owó iṣẹ́ mi."

Ẹ ò rí ọkùnrin yìí! Ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu rẹ̀ kí ọgbọ́n tó gba ibẹ̀ kọjá.

Adélaní wá fi tirẹ̀ lé e. Òjò ò ní pẹ́ dé. Bí òrùlé kò bá tíì wà lórí ilé náà ní Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, òun á ta gbogbo igi náà fún oníṣòwò àga kan ní Àkúrẹ́ tó ti dá owó lé e, òun á sì fi owó tó bá kù san àsansílẹ̀ ẹsítéètì. Kí Mọ́mì má bàa pàdánù méjèèjì. Tíṣà wo ọmọ rẹ̀, ó wo Akínbọ̀wálé. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ohùn rẹ̀ kò dáa tó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tú ilé. Níbi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Bí wọ́n bá ń tú òrùlé, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ àmì sára igi kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè mọ ibi tí yóò padà sí. Ilé mẹ́fà ìṣáájú, ṣísẹ́ẹ̀lì ni Akínbọ̀wálé fi gé àmì sí wọn lára. Nígbà tó kan ilé yìí, ó kọ̀.

Ó ní, "Igi tí Bàbá Oríọlá fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́, kí n wá máa dá ọgbẹ́ sí i lára? Láyé!"

Ọlọ́runníyì ní, "Akín, gé e. Bàbá Oríọlá ò ní jí dìde wá nà ọ́."

"Tíṣà ní ṣọ́ọ̀kì nílé."

Tíṣà ní páálí ṣọ́ọ̀kì kan tó ṣẹ́ kù láti ìgbà tó ń kọ́ni. Funfun báláú ni. Akínbọ̀wálé fi kọ nọ́ńbà sára igi ọgọ́sàn-án ó lé mẹ́ta, ó kọ ọ́ dáadáa, ó rẹwà lójú. Ó tilẹ̀ pe Adélaní wá láti Àkúrẹ́ kó wá wò ó. Adélaní ní, "Bàbá, ọwọ́ ìkọ̀wé yín dáa o, pẹ̀lú ìwé mẹ́fà yín yìí." Orí ọkùnrin náà wú títí dé àjà.

Ọkọ̀ akẹ́rù rin ìrìn márùn-ún láàárín Oǹdó àti Oda. Àwọn bíríkìlà ti mọ ògiri tán. Akínbọ̀wálé padà sí Oǹdó fún ọjọ́ mẹ́ta láti kó àwọn ilẹ̀kùn tó kù, ó sì fi Ọlọ́runníyì ti àwọn igi ní Oda.

Ọlọ́runníyì kì í ṣe ọ̀lẹ, ìyẹn gan-an ló fa ọ̀ràn. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó rí i pé ikán ti ń ti abẹ́ ilẹ̀ yọ níbi tí wọ́n to igi sí. Kí ni gbogbo káfíńtà ilẹ̀ wa máa ń ṣe sí ikán? Ẹ mọ̀ ọ́n. Ó gba ọ̀nà Àkúrẹ́ lọ, ó ra kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta ọ́ìlì dúdú tí àwọn mẹkáníìkì ti lò tán, ó mú búrọ́ọ̀ṣì, ó sì fi odindi ọjọ́ méjì kùn ún. Ó kun ojú, ó kun ẹ̀yìn, ó kun ẹ̀gbẹ́. Kò fi ibì kankan sílẹ̀. Nígbà tó ṣe tán, ó wẹ̀, ó jókòó, inú rẹ̀ dùn pé òun ti gba ọ̀rẹ́ òun sílẹ̀ lọ́wọ́ ikán.

Akínbọ̀wálé sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó rí igi. Gbogbo rẹ̀ dúdú kirikiri.

"Níyì," ó ní, "o kú iṣẹ́ o."

"Óò. Ọwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já."

"Ṣọ́ọ̀kì ńkọ́?"

Ọlọ́runníyì wo igi, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó ṣì dúdú lábẹ́ èékánná. Igi ọgọ́sàn-án ó lé mẹ́ta, kò sí ọ̀kan tó ní nọ́ńbà mọ́, ọjọ́ méjìlá ló sì kù kí Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ pé. Wọ́n fi àkísà àti kẹrosíìnì nu ọ̀kan wò. Ọ́ìlì kúrò díẹ̀, ṣọ́ọ̀kì bá a lọ.

Ìtí tí wọ́n fi àáké gbẹ́ kò dà bí igi sọ́míìlì o, kì í bára dọ́gba. Ọ̀kan á sanra, ọ̀kan á tín-ín-rín, ọ̀kan á tẹ̀ díẹ̀. Ibi tí ọ̀gá fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí nìkan ló bá a mu. Bí ẹ bá ṣì í gbé, òrùlé á wọ́, páànù ò sì ní jókòó.

Akínbọ̀wálé lọ jókòó sórí iyanrìn tí àwọn bíríkìlà lò kù, ó kẹ̀yìn sí wọn. Ohun tó ṣe níbẹ̀, Ọlọ́runníyì nìkan ló rí i, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó pẹ́, Ọlọ́runníyì lọ bá a. Ó ní, "Gbọ́. Mo ní owó díẹ̀ ní kóóporétíìfù. Ìwọ náà ní díẹ̀. Ká lọ sí sọ́míìlì, ká ra tuntun, ká fi ọ́ìlì kùn ún. Dúdú ni dúdú. Bí àjà bá ti bò ó tán, ta ló máa mọ̀?"

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Akínbọ̀wálé rò ó, ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín pé kò rò ó. Ilé mẹ́fà tó fi ń yangàn wà níwájú, ẹ̀sín tó máa bá a dé Oǹdó wà lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń sọ fún aráyé láti ọjọ́ yìí wá pé kí wọ́n wòkè, báwo ló ṣe máa wá sá sábẹ́ àjà?

Ó gbọn iyanrìn ìdí rẹ̀. Ó ní, "Níyì, èmi ni mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́. Jẹ́ n lọ sọ fún obìnrin náà."

Nínú yàrá àlejò ní Àkúrẹ́, Tíṣà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, àpótí rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò tíì tú u láti ọjọ́ tó ti dé. Akínbọ̀wálé kò jókòó. Ó ṣí fìlà.

"Mo ti ba nǹkan jẹ́, mà. Nọ́ńbà ti pa rẹ́ lára gbogbo igi. Ìgbéraga mi ló fà á. Mi ò mọ èyí tó lọ síbi tó ń lọ mọ́."

Kò dárúkọ Ọlọ́runníyì. Kò dárúkọ ọ́ìlì pàápàá.

Adélaní mí kanlẹ̀. Kò pariwo, ì bá sàn kó pariwo. Ó ní, "Bàbá, mo ti sọ ọ́," ó sì mú fóònù láti pe oníṣòwò àga.

Tíṣà ní, "Gbé fóònù yẹn sílẹ̀."

"Mọ́mì, kí ìyẹn náà tó yí ọkàn padà..."

"Mo ní gbé e sílẹ̀, Adélaní!" Ohùn tíṣà ni, ohùn tó fi ń pa kíláàsì ọgọ́ta ọmọ lẹ́nu mọ́. Ó yíjú sí Akínbọ̀wálé. "Igi yàrá òkè tó kọjú sí títì, ṣé ó wà níbẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀, mà."

"Ẹ gbé mi lọ sí Oda."

Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò mọ̀ rèé. Nígbà tí Tíṣà wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, ó ti orí igi àgbálùmọ̀ já lulẹ̀, itan rẹ̀ ṣẹ́. Oṣù mẹ́ta ló fi wà lórí ẹní nínú yàrá òkè yẹn, wọ́n de itan náà mọ́lẹ̀, kò lè yí sọ́tùn-ún, kò lè yí sósì. Wọn ò tíì kan àjà sí yàrá náà nígbà yẹn. Kí lọmọdé máa wò fún oṣù mẹ́ta? Igi òrùlé ló ń wò, ó sì sọ wọ́n lórúkọ.

Wọ́n gbé àga fún un sáàárín àwọn igi. Akínbọ̀wálé àti Ọlọ́runníyì ń gbé wọn kọjá níwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi àkísà nu ojú wọn kí kókó ara wọn lè hàn. Ẹyọ kìíní, ó mi orí. Ìkejì, ó mi orí. Adélaní wo aago. Ó tó bí ogójì igi kí Tíṣà tó na ọwọ́.

"Ẹ dúró! Olójúkan nìyí!"

Kókó kan ṣoṣo wà láàárín igi náà, ó rí bí ojú tó lajú sílẹ̀.

"Òun ló wà lókè orí mi gan-an. Mo bẹ̀rù rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, nígbà tó yá a di ọ̀rẹ́." Ó ń fi ọwọ́ pa igi náà, ọ́ìlì dúdú ń kun ìka rẹ̀, kò bìkítà. "Ẹ wá Ìyàwó fún mi. Ìbàdí rẹ̀ tẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ Olójúkan ló wà, lápá fèrèsé. Gbẹ́yìn-ilẹ̀kùn tẹ̀ lé e, ó sanra lórí, ó tín-ín-rín nísàlẹ̀."

Ọlọ́runníyì ló rí Ìyàwó. Ó gbé e wá bí ẹni gbé ọmọ tuntun, omi wà lójú rẹ̀.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Tíṣà ti mọ igi mọ́kànlá. Mọ́kànlá nínú ọgọ́sàn-án! Ó kéré, àbí? Ṣùgbọ́n mọ́kànlá ti tó fún ẹni tó mọ iṣẹ́. Wọ́n tò wọ́n sórí ilẹ̀ bí wọ́n ṣe wà lókè. Akínbọ̀wálé dọ̀bálẹ̀ ti igi, ó ń wo ihò ìṣó. Ihò ìṣó àtijọ́ kò lè parọ́, èyí tó wà lára igi yìí gbọ́dọ̀ kọjú sí èyí tó wà lára ẹnì kejì rẹ̀. Ìgbà yẹn ni Adélaní bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kọ́ sára ògiri. Ó mú téèpù, ó ń wọn àyè tó wà láàárín ihò sí ihò lára igi kọ̀ọ̀kan, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, á kàn wo ìwé rẹ̀, á ní, "Bàbá, ẹ gbé èyí tó wà nídìí ògiri yẹn wò," wọ́n á gbé e wá, á sì bá ara mu wẹ́kú.

Akínbọ̀wálé ní, "Ta ló ní kí wọ́n rán ọ lọ sí yunifásítì? Káfíńtà rere ni wọ́n fi ọ́ ṣòfò."

Wọ́n gbé igi tó gbẹ̀yìn sókè ní Ọjọ́bọ̀. Wọ́n kan páànù tó gbẹ̀yìn ní ọ̀sán Àbámẹ́ta. Lọ́jọ́ kejì, ọwọ́ wọn ṣì mú imọ̀ ọ̀pẹ láti ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí ojú ọ̀run ṣú, tí òjò àkọ́kọ́ ọdún sì dà sórí páànù náà bí ẹni da òkúta. Gbogbo wọn dúró sínú ilé, wọ́n ń wòkè. Wọn ò lè gbọ́rọ̀ ara wọn. Akínbọ̀wálé ń rìn láti yàrá dé yàrá, ó ń na ọwọ́ wò bóyá ẹ̀kán omi kan máa kán sí i. Kò kán.

Nígbà tí òjò dá, Adélaní ṣírò. Mílíọ̀nù mẹ́jọ ti tán, owó àjà sì ṣì kù, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀tàlénígba náírà. Akínbọ̀wálé gbé orí sókè, ó ní, "Mo ti sọ ọ́ lẹ́nu ara mi. Yọ ọ́ nínú tèmi."

Tíṣà ní, "Àjà wo? Ta ló ní kí ẹ kan àjà fún mi?"

"Mọ́mì, gbogbo ilé ló ń ní àjà."

"Ẹ fi tèmi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò kó ilé láti Oǹdó kí ẹ wá fi pákó bò ó lójú mi." Ó na ìka sókè, sí Olójúkan tó ń wò ó nílẹ̀. "Mílíọ̀nù mẹ́jọ géérégé ni. Ẹ san owó Káfíńtà fún un pé."

Adélaní fa ìlà sábẹ́ ìṣirò rẹ̀. Ó sọ ọ́ jáde níwájú gbogbo wọn pé, "Bàbá, èmi ni mo ṣì í ṣírò." Akínbọ̀wálé ṣí fìlà, ó fi nu ojú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n bá a lórí àkàbà nínú yàrá Tíṣà, ó mú ṣísẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́. Ó ti ń gé nọ́ńbà sára àwọn igi ọ̀gá rẹ̀, ó gé e jinlẹ̀, ọ́ìlì kan ò lè bò ó láyé. Tíṣà jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, àpótí rẹ̀ ti ṣófo, ó ń wo nọ́ńbà náà bí ẹni ń máàkì ìwé ọmọ iléèwé.

"Ẹ̀ẹ́ta yín wọ́, Káfíńtà."

"Màá tún un ṣe, mà."

Adélaní dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ilé ti dúró. Ta ló tún fẹ́ kó o lọ síbòmíì?"

Akínbọ̀wálé fẹ́ eruku igi kúrò lójú nọ́ńbà náà.

"Mi ò mọ̀ ọ́n," ó ní. "Ẹni yòówù kó jẹ́, kò ní jókòó sórí iyanrìn sunkún bí mo ṣe sun ún."